Kámẹ́rà Olójú Méjì àti Fọ́tò Àwọn Àgbà Wa

Lọ́dọọdún ni ìwé ìrántí wa máa ń kún fún fọ́tò: fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́, fọ́tò ìnáwó, fọ́tò àwọn tó ti lọ. Mi ò tíì rí i kí ẹnì kan jókòó yẹ àwọn fọ́tò náà wò bí a ti ń yẹ orin tàbí ewì wò, kó sọ èyí tó dára àti ohun tó mú un dára. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Àwọn fọ́tò dúdú àti funfun tí wọ́n yà láti nǹkan bí 1950 títí di nǹkan bí 1985 ni mo mú, àwọn tó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ tàbí nínú álíbọ́ọ̀mù àwọn òbí wa.

Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn sọ́wọ́. Bàbá kan jókòó sórí àga. Agbádá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, fìlà rẹ̀ hàn, bàtà rẹ̀ hàn, ó ń wò wá tààrà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí wọ́n fi fóònù ya bàbá mìíràn níbi ìsìnkú kan láìpẹ́ yìí. Àwọ̀ rẹ̀ dára, gbogbo nǹkan ló mọ́ kedere, ṣùgbọ́n bàbá náà dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí oúnjẹ. Àwọn kan ní àwọn èèyàn àtijọ́ ló níyì jù wá lọ. Àwọn mìíràn ní dúdú àti funfun yẹn ló ń tan ojú wa. Tèmi ni pé ọwọ́ kámẹ́rà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí irú kámẹ́rà kan tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn fótògíráfà wa nígbà náà kì í jẹ́ kí èèyàn ya àgbà láìtẹríba.

Kámẹ́rà olójú méjì ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí rẹ̀: àpótí dúdú kékeré tó dúró lóòró, tí Bàbá Fótò máa ń gbé kọ́rùn, tó máa ń ṣí ìdérí rẹ̀ lókè, tó sì máa ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ojú kan wà lókè, ojú kan wà nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú òkè wọlé á kan dígí kan tó dagun sínú, dígí náà á dá a padà sókè sára gíláàsì tó rí wúrúwúrú bí èyí tí ìkùukùu bò, ibẹ̀ ni fótògíráfà ti ń rí àwòrán. Ẹ̀yìn ojú ìsàlẹ̀ ni fíìmù wà. Ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig ní Jámánì ló gbé Rolleiflex jáde ní 1929, òun ló sì sọ irú kámẹ́rà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Japan ṣe Yashica àti Mamiya, àwọn ará Ṣáínà ṣe Seagull, àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe Lubitel tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Yashica Mat-124G, tí wọ́n ṣe láti 1970 títí di 1986, ni ìkẹyìn ìdílé Yashica olójú méjì.

Tí wọ́n bá bi mí, kámẹ́rà ìbejì ni à bá máa pè é. Ẹ sáà mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò kó wá jábọ̀. Ojú òkè ni Táyé: ó ń wò, kò ń gbà. Ojú ìsàlẹ̀ ni Kẹ́hìndé: ó dúró sínú òkùnkùn títí Táyé fi jábọ̀ pé ayé dára, kó tó là ní ìṣẹ́jú akàn, kó gba tirẹ̀, kó sì padé. Tí ojú ìsàlẹ̀ bá ṣẹ́jú, ojú òkè kì í ṣẹ́jú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú kámẹ́rà olójú kan tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tó ní dígí tó ń fò sókè, ìgbà tí àwòrán ń wọ inú fíìmù gan-an ni ojú fótògíráfà ń ṣókùnkùn. Bàbá Fótò ní tirẹ̀ rí ẹ títí tó fi yà ẹ́ tán. Tí o bá ṣẹ́jú, ó mọ̀. Ìdí nìyí tó fi lè sọ fún ìyá oníyàwó pé, “Ẹ má bínú, mà, a ó tún un yà,” láìtíì fọ fíìmù.

Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì kì í fi gbogbo ìgbà rí ohun kan náà. Táyé ga ju Kẹ́hìndé lọ, bí ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta. Tí ẹni tí wọ́n ń yà bá jìnnà, kò sí wàhálà. Tó bá sún mọ́ tòsí, ohun tí ojú òkè rí, ojú ìsàlẹ̀ lè má rí i tán. Orí ni ó sì máa ń gé. Ní ilẹ̀ ibòmíràn, wọ́n lè fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò gba fọ́tò tí kò ní orí, tí yóò tún sanwó? Gèlè tí ìyá fi wákàtí kan wé, kí fótògíráfà gé e kúrò bí ẹni gé ewé ẹ̀fọ́! Rolleiflex ní ohun kan nínú tó ń tún èyí ṣe fúnra rẹ̀. Lubitel kò ní in. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú a máa fi àyè sílẹ̀ lókè orí oníbàárà. Tí ẹ bá rí fọ́tò àtijọ́ tí àyè rẹpẹtẹ wà lókè fìlà, ẹ má sọ pé onítọ̀hún kò mọṣẹ́. Ẹ̀rù orí ló ń bà á.

Ọ̀tún àti òsì tún ń kọ́? Dígí inú kámẹ́rà ń yí wọn padà. Nínú gíláàsì, olóyè tó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀pá àṣẹ dà bí ẹni tó fi òsì mú un. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ̀ á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì mú un,” bàbá á fi òsì mú ọ̀pá, ọ̀gá á sì fi ìgbájú kọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́gbọ́n. Lórí fọ́tò tí wọ́n bá tẹ̀, ohun gbogbo á padà sí ààyè rẹ̀. Èèyàn á kọ́ ọ títí á fi mọ́ ọn lára, bí ẹni tó ń fi dígí gé irun ara rẹ̀. Níbi tí àgbà bá jókòó sí, ìyípadà yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Níbi tí wọ́n bá ti ń jó ni ọ̀rọ̀ ń burú. Oníjó gba ọ̀tún lọ, àwòrán gba òsì, fótògíráfà yí kámẹ́rà sí òdì, òun àti oníjó pàdánù ara wọn. Mo lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé púpọ̀ nínú fọ́tò ijó tí wọ́n fi kámẹ́rà yìí yà kò dára. Malick Sidibé ti ìlú Bamako ní Mali, tó ní sítúdíò tirẹ̀, tó sì kú ní 2016, mọ èyí dáadáa: kámẹ́rà kékeré tó fúyẹ́ ló ń gbé lọ sí òde àríyá àwọn ọ̀dọ́. Nínú fọ́tò rẹ̀, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró bàtà. Olójú méjì kò lè ṣe ìyẹn.

Ibi tí ó ti borí gbogbo wọn ni ìjókòó àgbà. Ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ara fótògíráfà. Kò lè gbé e sójú bí ẹni gbé ìbọn. Àyà tàbí ìdodo ló ń gbé e sí, á wá tẹ orí wò ó. Ní àṣà wa, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Fótògíráfà ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ ya ọba, tàbí tó fẹ́ ya bàbá ìyàwó tirẹ̀, gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa kó tó lè yà á dáadáa. Báwo ni yóò ṣe ṣe é? Kámẹ́rà yìí ló yọ ọ́: ó ń wo àgbà láìranjú mọ́ àgbà. Ẹni tí wọ́n ń yà náà sinmi, nítorí kò sí ojú kankan tó ń ko ojú rẹ̀. Orí ọmọdé tó tẹ̀ ló rí, àti gíláàsì méjì. Ó wá ń wo ọ̀kánkán láìbá ẹnikẹ́ni díje, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé àwa tó wo fọ́tò náà lónìí ló dà bí ẹni pé ó ń wò.

Gíga ibi tí kámẹ́rà wà tún ṣe tirẹ̀. Ẹni tó nàró, tó gbé fóònù sójú láti ya ẹni tó jókòó, láti òkè ló ń wò ó. Orí onítọ̀hún á tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kéré, á dà bí ọmọ ilé ìwé tí tísà dúró lé lórí. Láti ìdodo, ojú kámẹ́rà bá àyà ẹni tó jókòó dọ́gba. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wà ní ìwọ̀n, fìlà á ga. Fíìmù náà sì jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà, àyè wà fún apá agbádá lọ́tùn-ún àti lósì. Tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà póòsìkáàdì, wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí agbádá àwọn bàbá wa gbòòrò nínú nẹ́gétífù ju bó ti rí lára ògiri lọ.

Òótọ́ ni pé kámẹ́rà nìkan kọ́. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti àyíká rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, kọ ohun tó rí sínú ìwé African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé pé ìjókòó tí mo júwe yìí ní ìlànà: odindi ara, ojú síwájú, ọwọ́ lórí itan tàbí orúnkún, aṣọ tó dára jù lọ àti àmì oyè. Ó fi í wé ìlànà ọnà wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní Bamako kan náà, Seydou Keïta fi kámẹ́rà ńlá onígi ṣiṣẹ́ láti 1948, àwọn èèyàn inú fọ́tò tirẹ̀ sì níyì bí ọba. Òun náà kò gbé kámẹ́rà sójú. Irú kámẹ́rà ńlá bẹ́ẹ̀, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń dúró, abẹ́ aṣọ dúdú ni a ti ń wo inú rẹ̀. Mi ò sọ pé olójú méjì ló dá iyì sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó bá ìwà wa mu, ó sì fúyẹ́ débi pé fótògíráfà lè gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé.

Ohun kan wà nínú ìwé Sprague yẹn tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Ó rí i pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n máa ń gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ fótògíráfà. Wọ́n á yà á, fótògíráfà á sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa gbọ́ èyí, wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Ẹ̀tàn kọ́. Ìyá mọ iye ọmọ tó bí. Ère ìbejì ni wọ́n ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, fọ́tò wá ń ṣe iṣẹ́ ère. Mo ka á sí ọ̀kan nínú ohun tó jinlẹ̀ jù lọ tí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò ṣe níbikíbi, inú sítúdíò kékeré nílẹ̀ wa ló sì ti ṣẹlẹ̀, láìsí ẹni tó pè é ní iṣẹ́ ọnà.

Ìfowópamọ́ náà kó ipa tirẹ̀. Fíìmù 120, tí Kodak gbé jáde ní 1901, kì í yà ju fọ́tò 12 lọ nínú kámẹ́rà yìí. Ẹni tí wọ́n yà ní nọ́ńbà kìn-ín-ní lè dúró títí oníbàárà kejìlá yóò fi dé kí wọ́n tó fọ fíìmù náà. Nítorí náà fótògíráfà kì í yà lásán. Á tún kọ́là ṣe, á na ìró, á sọ pé kí ọmọ tó ń sunkún lọ mu omi. Nínú púpọ̀ nínú wọn, bátìrì kò sí, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò sí. Ojú ni Bàbá Fótò fi ń wọn oòrùn. Nílẹ̀ Warri níbí, tí òjò kì í fẹ́ dá, ó tún ní ìjà mìíràn tó ń jà: ọ̀rinrin. Tí wọ́n bá ti kámẹ́rà mọ́ inú àpò awọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ á bu bí búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mélòó kan, gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi yà lẹ́yìn náà á dà bí ẹni tó wà nínú ọyẹ́.

Àwọn tó gbé kámẹ́rà yìí kọ́rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó fi ilé sílẹ̀ bí tiwa ni. Érika Nimis, obìnrin ará Faransé, kọ odindi ìwé kan lórí wọn ní 2005. Ohun tó fi hàn ni pé àwọn fótògíráfà Yorùbá ló wà nídìí iṣẹ́ sítúdíò ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láti Benin àti Togo dé Ghana, Côte d'Ivoire, Burkina Faso àti Niger. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14, àwọn fótògíráfà wà lára àwọn ará wa tó di ẹrù wọn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tó fúyẹ́, ohun tí èèyàn lè gbé sá nìyẹn, kó dé ìlú mìíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Warri, ọ̀nà tí àwọn òbí wa gbà wá pọ̀. Títí di 1963 tí wọ́n dá Mid-West sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni ibí wà, wọ́n sì ń gbé òṣìṣẹ́ wá síbí. Ilé iṣẹ́ ìfọpo ṣí ní 1978, ilé iṣẹ́ irin ti Aladja ṣí ní 1982, ìyẹn náà pe àwọn kan. Àwọn oníṣòwò ti wà níbí ṣáájú wọn. Ẹni tí kò bá lè lọ sílé lọ́dún á lọ sí sítúdíò, á wọ aṣọ tuntun, á fi fọ́tò rán awakọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí pé “Fún ìrántí,” pẹ̀lú ọjọ́ àti “Warri.” Fọ́tò yẹn ni ìyá rẹ̀ nílé yóò fi han àwọn ará àdúgbò pé ọmọ òun kò tíì sọnù. Ẹ rí i pé kì í ṣe fáàrí nìkan ló mú kí wọ́n jókòó gbọnin bẹ́ẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́: ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ má sunkún. Àwọn tó ń sọ pé fọ́tò àtijọ́ gan jù, pé kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀, gbàgbé ẹni tí wọ́n yà á fún.

Nígbà ìjà ìlú yìí ní 1997, àti òmíràn ní 2003, ọ̀pọ̀ ilé jóná, láìwo ẹ̀yà ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń gbé ọmọ sá kì í rántí álíbọ́ọ̀mù. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tó kù kò ju méjì lọ: èyí tó wà nílé, tí ikán lè ti jẹ, àti nẹ́gétífù tó wà nínú páálí lẹ́yìn sítúdíò. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọfọ́tò aláwọ̀ gbòde láàárín àwọn ọdún 1980, kámẹ́rà kékeré gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olójú méjì, yàrá òkùnkùn di ibi ìkẹ́rùsí. Àwọn ọ̀gá sítúdíò ń kú. Àwọn ọmọ wọn, tí kò ṣe iṣẹ́ náà, ń fẹ́ lo yàrá. Mo ti fojú ara mi rí páálí nẹ́gétífù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan, pẹ̀lú èérún búlọ́ọ̀kù, ó ń dúró de ọkọ̀ ìdọ̀tí. Mo gbé fíìmù kan sókè sí oòrùn: ìyàwó àti ọkọ, méjìlá pé, ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, agbádá wọn dúdú, ojú wọn funfun bí iwin. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀.

Lákòókò kan náà, àwọn ọmọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ti ń ra Yashica àtijọ́ ní owó ńlá. Fíìmù 120 ṣì wà lọ́jà, Ilford àti Kodak ṣì ń ṣe é. Inú mi dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn kàn gbé e kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Fọ́tò onígun mẹ́rin ọgbọọgba tí Instagram bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní 2010 ti mú ojú wọn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, tó sì ń bọ̀ wálé fún ọdún, kó fi ya ìyá rẹ̀ àgbà lórí ìjókòó, kó gbé e sí ìdodo, kó dúró jẹ́jẹ́. Á rí i pé màmá kò ní ṣe ojú tó máa ń ṣe sí fóònù.

Fún àwa tó wà níbí, ẹ lọ wo ẹ̀yìn sítúdíò tí ẹ mọ̀ láyé àtijọ́. Nẹ́gétífù kò nílò ẹ̀rọ ńlá kí èèyàn tó lè kà á. Ẹ tan fóònù kan kí ojú rẹ̀ funfun báláú, ẹ gbé fíìmù náà sókè rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi fóònù kejì yà á, kí ẹ sì ní kó yí dúdú sí funfun. Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fi ìka kan àárín rẹ̀. Orúkọ tí ẹ bá dá mọ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí pépà tí ẹ fi wé e, kì í ṣe sórí fíìmù. Àwọn màmá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nínú ẹgbẹ́ wa ṣì lè dá ojú àwọn aládùúgbò wọn ní 1970 mọ̀. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn.